Orí Keje: Kí Omi Tó Dé Ẹnu Ẹ̀rọ

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Brooklyn, ní ìlú New York. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sùn sílé rẹ̀, òùngbẹ jí mi lóru. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ń wá omi inú ọ̀rá tàbí ti inú ike kiri, bí ọmọ Ìbàdàn tó ti mọ ohun tí omi ẹ̀rọ lè fi ojú èèyàn rí. Ó gbúròó mi, ó yọjú. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń wá? Ẹ bu omi ẹ̀rọ mu jàre, òun náà là ń mu níbí.” Mo bu ife kan. Ó tutù, kò rùn, kò ní adùn kankan àfi ti omi. Nígbà tí mo bi í pé níbo lomi yìí ti ń bọ̀, ó nawọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ṣe dáhùn nìyẹn. Nígbà tí mo padà délé ni mo tó wádìí ọ̀nà tí omi ife yẹn rìn, ohun tí mo sì rí yà mí lẹ́nu. Èèyàn tó ń gbé New York lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Omi tí wọ́n ń lò lójúmọ́ lé ní bílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù kan. Síbẹ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi náà kì í gba inú asẹ́ kankan kọjá. Wọ́n ń fi kiloríìnì àti oògùn díẹ̀ mìíràn sí i, wọ́n sì ń tan ìmọ́lẹ̀ tó ń pa kòkòrò àìfojúrí sí i lára, ṣùgbọ́n kò sí ilé ńlá tí wọ́n ti ń fi álọ́ọ̀mù àti yanrìn sẹ́ ẹ. Ohun tó ń sẹ́ ẹ wà lókè lọ́hùn-ún, ibi tó jìnnà jù níbẹ̀ sì tó 200 kìlómítà sí ìlú: igbó àti ilẹ̀ àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Catskill, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn kì í mu nínú omi náà.

Gbogbo ọmọ tó dàgbà sábẹ́ páànù ló mọ òfin àgbá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀, a kì í sáré gbé àgbá sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Eruku ọ̀gbẹlẹ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé gbígbẹ ló wà lórí òrùlé. A ó jẹ́ kí òjò fọ páànù ná, kí a tó gbé àgbá síbẹ̀, nítorí ohun tó bá wà lórí páànù ni yóò wà nínú àgbá.

Odò ni àgbá, ilẹ̀ tó ń bọ́ odò ni páànù. Ohun tí mo ń pè ní ilẹ̀ tó ń bọ́ odò ni gbogbo ibi tí òjò lè rọ̀ sí, tí omi rẹ̀ yóò gba ojú ilẹ̀ tàbí abẹ́ ilẹ̀ dé inú odò kan náà: orí òkè, oko, ọjà, ojú títì, ẹ̀yìnkùlé, itẹ́ òkú. Orí òkè ni góńgó òrùlé. Òjò tó bá bọ́ sí ìhà ibí di ti odò yìí, èyí tó bá bọ́ sí ìhà kejì di ti odò mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ omi tó mọ́ ní ọ̀nà méjì: kí ó máa fọ omi nínú àgbá, tàbí kí ó tọ́jú páànù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni pé ẹni tó ni àgbá odò kọ́ ló ni páànù rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń gbé orí rẹ̀. Ó ń sin màlúù níbẹ̀, ó ń dáko, ó ń kọ́lé, ó ń gbẹ́ ṣalángá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí páànù tó dára ń ṣe. Bí òjò bá rọ̀ sínú igbó, ewé ló kọ́kọ́ ń gbà á. Ẹ̀kán omi á fi orí ewé kan sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, títí yóò fi rọra dé ilẹ̀. Ewé tó ti ń jẹrà ló tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹní, abẹ́ ẹní náà sì kún fún ihò tí ekòló àti gbòǹgbò dá. Omi á wọlẹ̀ ṣinrin. Lábẹ́ ilẹ̀, kì í sáré. Ó lè lo ọ̀sẹ̀, ó lè lo oṣù. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀yọ iyẹ̀pẹ̀ ń di kòkòrò àìfojúrí mú, àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú ilẹ̀ ń jẹ ohun ìdọ̀tí, gbòǹgbò ń fa ajílẹ̀ tó bá kù. Nígbà tí omi náà bá fi máa yọ jáde ní ìsun, ó ti tutù, ó ti mọ́ gaara. Ìdí nìyẹn tí odò inú igbó fi ń ní omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀: òjò oṣù tó kọjá ló ṣì ń jáde.

Ilẹ̀ tí kò ní ìbora kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán òjò ń lu ilẹ̀ ọ̀hún bí òkúta, ó ń dí ojú ihò rẹ̀, omi kò rí ibi wọ̀, ó di ọ̀gbàrá. Ọ̀gbàrá á gbé ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ sínú odò. Ẹrẹ̀ yìí kì í kàn ṣe ohun tó ń ba ojú omi jẹ́. Kòkòrò àìfojúrí ń fara pamọ́ sínú ẹ̀yọ ẹrẹ̀, kiloríìnì kì í sì í tètè rí wọn níbẹ̀. Ohun ajílẹ̀ tó ń jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tó wà nínú ìgbẹ́ màlúù, ìgbẹ́ èèyàn àti ọṣẹ mìíràn, máa ń gun ẹrẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin wọ inú adágún. Ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ ewé tíntìntín tó ń sọ ojú omi di àwọ̀ ewé. Bí ewé yìí bá kú, ó ń jẹrà, bí kiloríìnì bá sì pàdé ohun tó jẹrà nínú omi, àdàpọ̀ wọn ń bí àwọn èròjà kan tí àwọn oníṣègùn kò fẹ́ kó pọ̀ lára èèyàn, nítorí wọ́n fura pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ ò rí i pé ohun tí àgbẹ̀ kan ṣe lórí òkè lè yí ohun tí oògùn inú omi yóò ṣe padà nísàlẹ̀.

New York kò fi ọgbọ́n yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kànga ìlú náà àti ṣalángá rẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ní 1832, àrùn onígbáméjì wọ̀lú, ó pa tó bí 3,500 èèyàn láàárín oṣù díẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ló lé ìlú lọ sí odò Croton níhà àríwá; omi rẹ̀ wọ̀lú ní 1842. Èèyàn tún pọ̀ sí i, omi kò tó mọ́. Ní 1905, òfin fún ìlú náà láṣẹ láti lọ gba ilẹ̀ lórí àwọn òkè Catskill.

Gbígbà ni wọ́n gbà á lóòótọ́. Láti 1907 sí 1915 ni wọ́n fi kọ́ adágún Ashokan. Àwọn abúlé tó wà ní àfonífojì náà wọlẹ̀ lọ, nǹkan bí 2,000 èèyàn kó ẹrù kúrò nílé bàbá wọn. Wọ́n hú òkú, iye sàréè tí wọ́n tú lé ní 2,000. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ṣe òmíràn: omi adágún Pepacton bo abúlé mẹ́rin, Arena, Pepacton, Shavertown àti Union Grove. Ní àwọn ọdún 1960, adágún Cannonsville gbé márùn-ún mì. Nígbà tí mo ń ka ìtàn yìí, ọkàn mi lọ sí Bussa àtijọ́ tó wà lábẹ́ adágún Kánjì láti 1968. Mo ti bá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ rí tó kúrò níbẹ̀ lọ́mọdé. Iye owó gbà-má-bínú kọ́ ló rántí. Igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ló ń sọ.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Àwọn ará Catskill kò gbàgbé. Ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ orúkọ New York sí lára kì í rí ẹ̀rín lójú ọ̀nà wọn, ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n lé ló ń dáko lẹ́bàá omi tó bo ilé bàbá-bàbá rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àwọn wọ̀nyí gan-an ni New York padà wá bẹ̀ ní àwọn ọdún 1990.

Òfin ló fà á. Ní 1989, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká pàṣẹ pé gbogbo ìlú tó bá ń mu omi odò tàbí adágún gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ, àfi ìlú tó bá lè fi hàn pé òun kápá ilẹ̀ tó ń bọ́ omi náà. New York ṣírò owó ilé iṣẹ́ asẹ́mi tó lè gba omi Catskill àti ti odò Delaware tó ń ṣàn láti orí òkè kan náà: bílíọ̀nù dọ́là mẹ́fà sí mẹ́jọ láti kọ́ ọ, yàtọ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù tí wọn yóò máa ná lọ́dọọdún láti mú un ṣiṣẹ́. Ìlú náà wò ó, ó ní ó sàn kí òun tọ́jú páànù.

Ṣùgbọ́n bí alágbára ṣe ń tọ́jú nǹkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ní 1990, wọ́n kọ ìwé òfin tuntun jáde: ibi tí àgbẹ̀ lè kó ìgbẹ́ màlúù sí, bí oko àti ilé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó sí etí odò. Lójú akọ̀wé nínú ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Lójú àgbẹ̀, ikú ni. Àfonífojì tóóró ni ilẹ̀ Catskill. Ibi pẹrẹsẹ tó ṣeé ro wà létí odò, òkè ló kù. Bí o bá ní kí àgbẹ̀ sún kúrò létí omi, orí òkúta lo ní kó lọ gbin nǹkan sí. Àwọn ìlú kéékèèké ibẹ̀ kó ara wọn jọ ní 1991, wọ́n sì gba ilé ẹjọ́ lọ.

Albert Appleton ni kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó omi New York nígbà náà, láti 1990 títí dé òpin 1993. Ohun tó ṣe kò le, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláṣẹ: ó jókòó ti àwọn àgbẹ̀, ó sì gbọ́ wọn jálẹ̀. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ New York ló tẹ́ ìjókòó náà, wọ́n sì lo oṣù púpọ̀ lórí rẹ̀. Kókó ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ ni pé: ẹ̀yin lẹ mu omi, àwa la ni oko. Bí ẹ bá fẹ́ ká tún oko ṣe nítorí omi yín, ẹ sanwó rẹ̀, ẹ sì jẹ́ ká ṣe é bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ìlú náà gbà. Ní 1993 wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń darí, orúkọ rẹ̀ ni Watershed Agricultural Council. Àwọn onímọ̀ láti Cornell University wá ń bá wọn rin oko. Oko kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀, New York ló ń san gbogbo owó.

Gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn yìí tí mo kà sí ọgbọ́n jù lọ. Wọn kò fipá mú àgbẹ̀ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń wọ ètò. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu kò pé láàárín ọdún márùn-ún, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oko gbọ́dọ̀ ti wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlú lè tún gbé ìwé òfin rẹ̀ dìde. Ẹ rò ó wò. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kúrò láàárín ìjọba àti àgbẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ láàárín àgbẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí kò fetí sí òṣìṣẹ́ New York yóò fetí sí ẹni tó bá a wá màlúù rẹ̀ tó sọnù lọ́dún tó kọjá. Kí ọdún márùn-ún náà tó pé, wọ́n ti kọjá iye tí wọ́n fẹnu kò sí.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe lóko? Ẹgbọrọ màlúù ni kí n fi ṣàlàyé. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Cryptosporidium, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fún èèyàn, ó sì lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò ní okun láti bá àrùn jà. Ẹyin rẹ̀ ní èèpo líle, kiloríìnì tí à ń fi sínú omi kò ràn án. Ẹgbọrọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló ń ya ẹyin yìí jù, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ tó lò láyé. Abo màlúù ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Nítorí náà, kò sídìí láti lé agbo màlúù kúrò ní àfonífojì. Wọ́n kọ́ ilé fún ẹgbọrọ níbi tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tó jìnnà sí ipa odò, wọ́n sì ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹgbọrọ tó sùn síbi tó gbẹ kì í ṣàìsàn bí ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ èrè fún àgbẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló tọ́jú ọmọ Brooklyn àti ọmọ màlúù pọ̀.

Báyìí náà ni wọ́n ṣe pẹ̀lú ìgbẹ́ tí wọ́n ń fọ́n sóko. Nígbà òtútù, ilẹ̀ ibẹ̀ ń dì gbagidi. Bí o bá fọ́n ẹlẹ́bọ́tọ sórí rẹ̀, kò níbi wọ̀. Ọjọ́ tí yìnyín bá yọ́, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ sódò. Wọ́n ya àwòrán oko kọ̀ọ̀kan, wọ́n sàmì sí ibi tí omi ti ń rin lójú ilẹ̀, wọ́n sì kọ́ ibi ìkó-ìgbẹ́-pamọ́ di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣí. Wọ́n fi ọgbà yí etí odò ká kí màlúù má bàa tẹ bèbè rẹ̀ fọ́, wọ́n sì gbé omi mímu lọ bá a lórí pápá. Láti 1998, ìjọba àpapọ̀ àti ìlú New York jọ ń san owó ìlò ilẹ̀ fún àgbẹ̀ tó bá fi etí odò sílẹ̀ fún igi. Èyí wù mí púpọ̀. Àgbẹ̀ tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún igi ń kórè níbẹ̀ síbẹ̀. Omi ló ń kórè.

Ti àwọn ará ìlú yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àgbẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó yanjú. Gómìnà George Pataki ló kó wọn jókòó láti 1995, wọ́n sì buwọ́ lu àdéhùn ńlá ní oṣù kìíní 1997: ìlú New York, ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀, àwọn ìlú orí òkè, àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àyíká. New York ṣèlérí pé òun kò ní fi agbára gba ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tà nìkan ni òun yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀, òun yóò sì máa san owó orí lórí ilẹ̀ náà fún ìlú tí ilẹ̀ náà wà. Ó san owó láti tún ilé iṣẹ́ tó ń fọ omi ìdọ̀tí ṣe. Wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀ lábẹ́ àkóso àwọn ará ibẹ̀, Catskill Watershed Corporation, àjọ náà sì ti tún ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́kàwè ilé àdáni ṣe láti ìgbà náà. Gbogbo rẹ̀ gba owó tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là kan. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi wé mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹnì kan lè sọ pé owó kì í ṣe gbogbo nǹkan, pé ẹ̀rọ asẹ́mi sàn ju ìlérí àgbẹ̀ lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí n tó ka ìtàn Milwaukee. Ìlú ńlá kan ni lẹ́bàá adágún Michigan, ó ní ilé iṣẹ́ asẹ́mi méjì. Ní 1993, Cryptosporidium gba inú ọ̀kan nínú wọn kọjá. Iye èèyàn tí wọ́n fojú bù pé ó ṣàìsàn lé ní 400,000, àwọn mìíràn sì kú, pàápàá àwọn tó ní àrùn éèdì. Asẹ́ wà níbẹ̀. Omi tó wọ inú asẹ́ ló burú ju bó ṣe yẹ lọ, asẹ́ kò sì gbà á mú. Ẹni tó bá ní asẹ́ ṣì nílò páànù tó mọ́. New York náà fi kún ìṣọ́ rẹ̀: láti 2013, wọ́n ti ń tan ìmọ́lẹ̀ apakòkòrò sí omi Catskill àti Delaware, nítorí ìmọ́lẹ̀ yìí ń ba ẹyin kòkòrò náà jẹ́ níbi tí kiloríìnì kò ti lè ṣe nǹkan kan.

Ìlú New York kan náà tún ní àpẹẹrẹ òdìkejì. Ilẹ̀ odò Croton, èyí tó sún mọ́ ìlú jù, ti kún fún ilé, títì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí kí ẹnikẹ́ni tó ronú àdéhùn. Níbẹ̀, kò sí páànù láti tọ́jú mọ́. Wọ́n ní láti kọ́ ilé iṣẹ́ asẹ́mi fún un, sábẹ́ ilẹ̀ ní Bronx. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, ó sì ná wọn ju bílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta lọ, fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá omi ìlú.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìjà ti tán lórí òkè Catskill. Ilẹ̀ amọ̀ wà lábẹ́ àwọn odò kan níbẹ̀, bí ìjì bá sì jà, omi á pọ́n. Nígbà tí ìjì Irene kọ lu agbègbè náà ní oṣù kẹjọ 2011, adágún Ashokan dàrú fún ìgbà pípẹ́. New York tú nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn sí odò Esopus, àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ dáàmù náà sì bínú gidigidi, nítorí ẹ̀yìnkùlé tiwọn ni ẹrẹ̀ náà gbà kọjá. Àwọn mìíràn ń kùn pé ilẹ̀ tí New York ń rà kì í jẹ́ kí ìlú wọn gbòòrò. Àdéhùn odò kì í parí. Àṣẹ tó jẹ́ kí ìlú náà máa lo omi yìí láìsẹ́ ẹ ni wọ́n tún fọwọ́ sí ní 2007, wọ́n tún un ṣe ní 2017, wọn yóò sì tún pàdé.

Kí ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ olówó ni. Láti 2015, ìlú Nairobi ní Kẹ́ńyà ti ń ṣe irú rẹ̀ lórí odò Tana, tó ń fún ìlú náà ní èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀. Ilé iṣẹ́ omi ìlú, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́tí àti ẹlẹ́rìndòdò àti àjọ The Nature Conservancy dáwó jọ, wọ́n fi ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Aberdare. Oko kéékèèké ni púpọ̀ nínú wọn. Àgbẹ̀ ń gé òkè ní àtẹ̀gùn, ó ń gbin koríko sí ààlà kí ó lè mú ẹrẹ̀, ó ń gbẹ́ kòtò tó tẹ́ ọ̀rá sí láti gba omi òjò. Koríko náà di oúnjẹ màlúù rẹ̀, omi kòtò di ti ẹ̀fọ́ rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹrẹ̀ tí kò wọ dáàmù mọ́ ni èrè àwọn tó dáwó.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ wa. Odò Ọ̀ṣun ń sun láti Ìgèdè-Èkìtì, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó gba Òṣogbo, wọ́n sé e ní Aṣẹ́jirẹ́ láti fún Ìbàdàn lómi, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ títí dé ọ̀sà. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun wà létí rẹ̀, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. A kì í gé igi níbẹ̀, a kì í pa ẹja níbẹ̀. Àwọn baba wa kò pe èyí ní ìtọ́jú ilẹ̀ tó ń bọ́ odò, èèwọ̀ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n gbòǹgbò igi bèbè odò ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ yòówù kí a fún un. Igbó náà kò ju nǹkan bí 75 hẹ́kítà lọ. Kò lè fọ ohun tó ń wá láti òkè. Lágbègbè Iléṣà, àwọn tó ń wa góòlù ń tú ilẹ̀ sínú àwọn odò tó ń bọ́ Ọ̀ṣun, omi rẹ̀ sì ti pọ́n bí omi amọ̀. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn èèyàn kí wọ́n má ṣe mu ún.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ ara mi ìdí tí Ìbàdàn kò fi lọ jókòó ti Iléṣà bí New York ṣe jókòó ti Catskill. Àjọ Ogun-Osun River Basin ti wà láti 1976, ìpínlẹ̀ tó ni odò náà ní ilé iṣẹ́ omi. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tó yẹ kó pe ìpàdé ti gbé àgbá rẹ̀ lọ síbòmíràn. Omi ẹ̀rọ kì í wá déédéé, nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ kànga, ẹni tó lówó gbẹ́ bọọhóòlù, ẹni tí kò ní ń ra píọ́ wọ́tà. Ẹni tí kò gbé àgbá sábẹ́ òrùlé kan kò ní bi ohun tó wà lórí páànù rẹ̀. New York ní ìwé owó bílíọ̀nù mẹ́fà lọ́wọ́ tó ń lé e sẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀. Àwa kò ní. Olúkúlùkù ti san owó tirẹ̀ fún agbẹ́kànga, ó sì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ odò.

Kò bọ́. Kànga náà jẹ́ àgbá, ilẹ̀ àdúgbò ni páànù rẹ̀. Omi tó wọlẹ̀ lẹ́yìnkùlé yìí ló ń sun sínú kànga ọ̀hún, ohun tó sì wọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ń bá a bọ̀. Ọgbọ̀n mítà ni àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó sábà máa ń dámọ̀ràn láàárín kànga àti sọ́kàwè, kí kànga sì wà ní ìhà òkè. Àdúgbò tí ilé fún mọ́ra bíi tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn onílé jọ fẹnu kò: ta ni yóò gbẹ́ tirẹ̀ síbo, ta ni yóò jọ lo kànga ta ni, ta ni yóò tún sọ́kàwè tó ti là ṣe, ta ni yóò ràn án lọ́wọ́ bí owó rẹ̀ kò bá tó.

Ní Sátidé tó kọjá, mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti kànga wa dé sọ́kàwè ilé kejì, èyí tó wà ní ìhà òkè wa. Ìgbésẹ̀ méjìdínlógún ni. Mo lọ kí Bàbá tó ni ilé náà. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé méjì, kí n jẹ́ ká gbé e wá síwájú ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n máa ń ṣe é, lágo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé alága. Mo ti ń ya àwòrán àdúgbò náà sórí bébà: kànga ní búlúù, sọ́kàwè ní pupa, ọfà láti fi ibi tí omi ń ṣàn sí hàn.